Aṣọ Ọmọ Tó Wà Nínú Ìṣẹ́tí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo rí ẹ̀bùn tí ẹ gbé sórí tábìlì, mo rí orúkọ mi lára rẹ̀, ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti ń rẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ẹrù yìí wọlẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ti rin ọdún mẹ́rìnlélógójì, ẹsẹ̀ irọ́ náà le o, àmọ́ òní ni òtítọ́ bá a. Aṣọ ńlá tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi yìí, tí ẹ torí rẹ̀ ń pè mí ní ìyá àwọn ahunṣọ, èmi kọ́ ni mo hun ún.

Àwa méjì la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀gá. Mo fi ọdún mẹ́ta ṣáájú ìkejì mi dé ibẹ̀, ìyẹn ló fi ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Òun, Ọlọ́wọ́-Òsì là ń pè é, torí ọwọ́ òsì ló fi ń ran òwú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé òwú irú wọn máa ń lọ́ sí òdìkejì tiwa. Ìyá Ọ̀gá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ìwọ yìí, òwú ẹ ń bá gbogbo ayé jà!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jẹ́ kó jà, mà, ó máa ṣẹ́gun ni." Ó sì ń ṣẹ́gun lóòótọ́. Bí oòrùn bá yọjú lójú fèrèsé, aṣọ tiẹ̀ á máa dán, tiwa á kàn wà níbẹ̀ ni.

Ọdún tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, ni ilé ìkàwé yìí ní kí àwọn ahunṣọ mú iṣẹ́ wá, kí wọ́n lè mú ọ̀kan gbé kọ́ sára ògiri. Ọlọ́wọ́-Òsì bá jókòó sídìí òfì, kò sì dìde. Èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ rán ìṣẹ́tí, ó mú àkísà kékeré kan jáde, aláwọ̀ ìyeyè, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ara aṣọ tí ọmọ mi wọ̀ kẹ́yìn nìyí. Inú ibí ni mo fẹ́ tẹ́ ẹ sí. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan." Ó ká ìṣẹ́tí bò ó, ó rán an. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ìyá rẹ̀ ṣubú. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà, ó fi pín-ìnnì mú un mọ́ aṣọ náà, ó ní kí n bá òun gbé e lọ pẹ̀lú tèmi, ó wá lọ tọ́jú ìyá rẹ̀.

Tèmi? Ó wúwo bí ẹní tí òjò pa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo gbé aṣọ méjèèjì dé àbáwọlé ilé ìkàwé yìí, mo yọ bébà tiẹ̀, mo fi tèmi sí i. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo gbé aṣọ tèmi padà sílé, mo gé e, mo fi ń nulẹ̀.

Nígbà tó fi máa dé lẹ́yìn oṣù méjì, aṣọ ti wà lókè, orúkọ mi ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún Ìyá Ọ̀gá pé iṣẹ́ òun ni, kí wọ́n wo bí òwú ṣe lọ́. Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Mo ní, "Òun ló bá mi ran òwú, èmi ni mo hun ún. Ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú, ẹ má bínú sí i." Ẹ gbọ́ olè tó ń ṣojú àánú! Gbogbo wọn mi orí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ òwú. Kò jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tó wà nínú ìṣẹ́tí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ níwájú wọn, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ fúnra yín sọ fún Ìyá Ọ̀gá. Tó bá di ọ̀sán ọ̀la tí ẹ ò tíì sọ, èmi á ní kí wọ́n tú u." Mo ní, "Mo ti gbọ́, àbúrò mi." Àánú ló ṣe fún mi. Ohun tí mo fi àánú náà ṣe nìyí: bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ilé ìkàwé láàárọ̀, mo ti dé. Mo sọ fún aṣọ́nà pé òwú kan ń tú nídìí aṣọ mi. Òun ló tún bá mi di àkàbà mú. Mo tú ìṣẹ́tí, mo fa aṣọ ọmọ náà yọ, mo ki í bọ àyà mi, mo rán ìṣẹ́tí padà, ó ṣe rẹ́gí.

Lọ́sàn-án, Ìyá Ọ̀gá tú u níṣojú gbogbo wa. Kò sí nǹkan kan. Ọlọ́wọ́-Òsì ki ọwọ́ bọ ìṣẹ́tí láti eteetí kan dé èkejì, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń béèrè omi lọ: "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ fi ọmọ mi sí?" Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n rọra mú un jáde. Aṣọ ọmọ náà sì ń gbóná láyà mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó fi ìlú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, mi ò sì tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti dá wà. Ẹ máa ń bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi gba ọmọ iṣẹ́ rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnì kan á jókòó tì mí pẹ́ títí, á wá wo ọwọ́ mi dáadáa. Ẹ máa ń béèrè pé kí ló dé tí òwú mi ò tún lọ́ bí ti àkọ́kọ́ mọ́. Mo máa ń ní mo ti kọjá ibẹ̀. Irọ́ ni, n kò débẹ̀ rí. Yàrá méjì, òfì kan, rédíò kan: èmi àti aṣọ ọmọlọ́mọ nínú agolo pọ́dà la jọ darúgbó.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbé agolo náà wá síbí. Mo tú ìṣẹ́tí náà, ó lé ní wákàtí méjì kí n tó rán ohun tí kò ju ìka mẹ́ta lọ. Aṣọ́nà tuntun yẹn ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" Mo ní, "Mo ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà." Ó rò pé ogbó ló ń ṣe mí.

Ẹ̀yin ọmọdé inú iṣẹ́ yìí, tí iṣẹ́ yín ò bá dára, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, tiyín ṣáà ni. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lábẹ́ aṣọ yìí. Mo ti kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú àpò ìwé tó wà lórí tábìlì, òun ni kí ẹ fi rọ́pò. Tí ẹ bá rí ìyá àgbà kan níbikíbi tó ń fi ọwọ́ òsì ran òwú, ẹ bá mi kúnlẹ̀ fún un. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà dá a lóhùn ìbéèrè tó bi mí. Ẹ ní ọmọ rẹ̀ ti padà síbi tó tẹ́ ẹ sí.