Ẹ̀ṣẹ́ Tó Ń Dún Nínú Orin Wa

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín máa ká ohùn mi lọ, kí ẹnikẹ́ni má pa á. Ẹ̀yin ọmọdé yìí, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wa. Irọ́ ló kún inú ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀! Ẹ ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi lu ìlù inú orin àkọ́kọ́ wa, èyí tí gbogbo ayé ń jó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lé lógún ọdún dáadáa, orí rédíò ló sì ń gbé. Dókítà ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́, mi ò ní gbé irọ́ yìí wọ kòtò. Ìwọ ọmọ àbúrò mi, tí o di máíkì sí mi lẹ́nu yìí, ìyá rẹ ló lu ìlù yẹn. Ara ilẹ̀kùn ló lù ú sí.

Àbúrò mi ò fẹ́ kọrin lọ́jọ́ náà. "Bùrọ̀dá, àyà mi ń há," ló wí. "Ẹ jẹ́ n lọ sílé, màá padà wá lọ́la." Ọ̀la kẹ̀! Mo ti fọ́nnu káàkiri pé orin ti jáde tán. Mo tì í mọ́ yàrá tí a ti ń ká ohùn, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Fóòmù bo gbogbo ògiri ibẹ̀, kò sí fèrèsé, a sì máa ń pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú orin. Ó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn. "Bùrọ̀dá, ẹ ṣílẹ̀kùn!" Ó ń gbá a, ó ń gbá a, ó sì bá orin mu. Ọkùnrin tó ń bá wa darí máṣíìnì tó ń ká ohùn dìde. "Ọ̀gá, ọmọ yìí ò lè mí mọ́ o!" Mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́! Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń dùn ni? Ká a sílẹ̀!" Ó jókòó, ojo ni òun náà. Èmi ńkọ́? Mò ń mi orí. Orí burúkú yìí, mò ń mì í sí ẹ̀ṣẹ́ àbúrò mi! Ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ náà dákẹ́ ni mo tó ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀ ni mo ti bá a.

Kí ló dé tí o fẹ́ gbé máíkì sílẹ̀? Di máíkì náà mú, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Kò kú, àmọ́ kò kọrin mọ́ láyé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì gbà, torí ọmọ ìyá ni wá. Mo sọ orin náà ní "Ẹ Ṣílẹ̀kùn", mo ya àwòrán ilẹ̀kùn sí àárín gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù tí a ṣe. Ojú ò tì mí! Lọ́dún tó kọjá, níbi ìsìnkú ìyá rẹ, wọ́n fi rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn sí i. Ìwọ ọmọ rẹ̀ bọ́ sójú agbo, ò ń jó, ò ń pariwo, "Ẹ ṣílẹ̀kùn!" Mo jókòó, mò ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ náà, inú tó ń bí mi sí ara mi ju àìsàn yìí lọ.

Ẹ̀ṣẹ́ ìyá rẹ ni ẹ ń jó sí, ẹ̀ṣẹ̀ mi sì ni. Pa orúkọ mi rẹ́ níbẹ̀, kọ ti ìyá rẹ sí i. Ẹ̀yin ọmọdé tó kù, tí ẹnìkan bá ní òun ò lè mí, ẹ pa máṣíìnì! Ọmọ mi, foríjì mí tí o bá lè ṣe é. Tí o ò bá lè ṣe é, má jókòó tì mí nítorí pé mo jẹ́ àgbà. Dìde, máa lọ. Mi ò ti ilẹ̀kùn.