Ààwẹ̀ Àfúsátù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tún kó wa jọ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa. Ọ̀rọ̀ tòní kò gùn. Àmáánà ni ọmọ, Ọlọ́hun ló fi í ṣọ́ wa. Òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ rí ìtọ́jú nígbà àìsàn, kò sí èèwọ̀ nínú ká fi òfin mú un. Ẹ má wo ara yín lójú o. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ ṣáà gbọ́.

Obìnrin kan wà ní ìlú kan l'Ókè-Ògùn, Ṣíkírátù lorúkọ rẹ̀. Òun àti Bùsárì tó ń ta táyà ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ọmọ kan ló wà láàárín wọn, Àfúsátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra. Dókítà ti kìlọ̀ kó máa lo oògùn láràárọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ rárá. Àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti ní ọ̀dọ̀ bàbá ni kó máa gbé.

Ni Ràmàdáánì bá dé. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń yin ọmọ kékeré tó bá gbààwẹ̀: "Máṣáállà! Ọmọ Bùsárì mà gbà á!" Orí bàbá wú. Ó gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ, ó ní ó di ẹ̀yìn ọdún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣíkírátù wá kí ọmọ rẹ̀, ó bá a tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, tó ti bó.

"Àfúsá mi, ṣé o ti mumi?"

"Rárá, màámi. Wọ́n máa yìn mí ní mọ́sáláṣí."

Ṣíkírátù tọ bàbá ọmọ lọ. Ó bẹ Bùsárì: "Bàbá Àfúsá, ẹ jọ̀ọ́, ara ọmọ yìí kò gbà á."

"Ìyá Àfúsá, àdúrà ló ń wo ọmọ sàn. Àbí o fẹ́ sọ ọ́ di kèfèrí ni?"

Ẹ ò rí nǹkan! Kò pẹ́ tí eegun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ, igbe ló ń ké títí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́hun ṣàánú, ara rẹ̀ ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àfi bí Bùsárì ṣe yọjú, ó ní bí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀, ilé òun ló ń bọ̀, ààwẹ̀ ṣì kù.

Ṣíkírátù sá tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alájà Múnírátù, lọ. Alájà mirí: "Àbúrò mi, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́."

Ẹ̀yin màmá, ẹ dá mi lóhùn, ṣé ọ̀rẹ́ ló ń wá? Ẹ̀mí ọmọ ló ń wá! Ó gba ọ́fíìsì wẹ́fíà lọ, níbi tí ìjọba ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ. Wọ́n ní kó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Bùsárì. Wọ́n bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù. Torí pé ọmọ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn kò fi falẹ̀.

Adájọ́ bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ tára rẹ̀ kò yá?"

"Olúwa mi, ẹ̀sìn ni mo fi ń kọ́ ọ."

"Ó dáa. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbààwẹ̀ lónìí?"

Bùsárì wolẹ̀. "Rárá, olúwa mi. Ọgbẹ́ inú ń yọ mí lẹ́nu. Dókítà ní kí n má gbà á, kí n máa lo oògùn."

Háà! Ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun ṣe fún aláìsàn nínú Àlùkùránì, Bùsárì mọ̀ ọ́n fún ara rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n fún ọmọ.

Adájọ́ pàṣẹ kí Àfúsátù máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ìyá máa mójú tó ìtọ́jú, kí bàbá máa gbọ́ bùkátà oògùn. Bàbá lè máa wá kí ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá tún dí ìtọ́jú lọ́wọ́, àṣẹ kóòtù ló tẹ̀ lójú, ẹ̀wọ̀n sì wà ńbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ẹ pe àgbà sí i. Bí kò bá gbọ́, wẹ́fíà wà, kóòtù wà. Sùúrù kọ́ ni ká máa wo ọmọ títí yóò fi kú.

Òótọ́ sì ni Alájà sọ o. Títí dòní, Bùsárì kì í dáhùn bí Ṣíkírátù bá kí i. Wọn kò ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Iléyá, ní yídì, Àfúsátù ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kiri, ike omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́hun, má jẹ́ ká fi orúkọ Rẹ pa àmáánà Rẹ. Fi ọ̀nà mọ̀ wá. Àmín.