Bí Mo Ṣe Kó Bá Ọmọ Tó Wá Kí Mi Kú Ọdún

Ojú ń tì mí láti jókòó síwájú ilé wa ní Bẹyẹrúnká. Bí àwọn èèyàn bá ń kọjá lọ sí Ọjà'ba, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o," èmi á sì máa wolẹ̀. Kí ni wọ́n ń kí lára mi? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun.

Ọ̀gá àgbà ni mí nílé iṣẹ́ ìjọba kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi gan-an ni mo ṣòfin níbẹ̀ pé ọ̀gá tó bá ti fẹ̀yìn tì kò gbọdọ̀ padà wá sí ọ́fíìsì láti gbẹnu sọ fún kọngílá kankan, ìyẹn àwọn agbaṣẹ́ṣe. Mo ti rí i bí àwọn àgbà ṣe ń wọlé, tí a ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, tí a kò ní lè sọ pé rárá. Mo dá ọ̀gá tèmi náà padà lẹ́nu ọ̀nà, inú mi sì ń dùn sí ara mi!

Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì, kọngílá kan sọ mí di olùdámọ̀ràn rẹ̀, ó ń sanwó fún mi lóṣooṣù. Ìmọ̀ràn wo? Ẹnu mi ló ń rà. Iṣẹ́ gọ́tà kan ní Ọ̀rányàn ló ń wá, Múnírátù tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló sì ń yan ẹni tó máa ṣe é. Mi ò dé ọ́fíìsì o, mo gbọ́n jùyẹn lọ. Mo dúró de Iléyá, torí ọdọọdún ni Múnírátù máa ń wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ ẹran kalẹ̀, mo ṣàdúrà fún un, mo wá fi ọ̀rọ̀ kọngílá náà tẹ̀ lé àdúrà.

"Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní a ò gbọdọ̀ gbà á."

"Ọ́fíìsì ni mo sọ. Ṣé ọ́fíìsì nìyí?"

"Mo ti gbọ́, sà."

Kọngílá náà rí iṣẹ́ gbà, kò sì ṣe é dáadáa. Òjò àkọ́rọ̀ ló wó gọ́tà náà, omi sì ya wọlé àwọn èèyàn. Wọ́n ní kí Múnírátù lọ jókòó sílé, ìgbìmọ̀ sì ń bi í pé ta ló rán an. Ẹnìkan tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé kò dárúkọ mi, pé ó ní òun ò lè fẹnu òun ba bàbá òun jẹ́. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi ni mo sọ ọ́, orí ọmọ yìí ló sì bà.

Láàárọ̀ yìí ni ìyá rẹ̀ wá láti Òkè Padre, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Àlàájì, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá wọn lẹ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ́fíìsì yẹn lọ́la, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Kò mọ nǹkan kan. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nípò, bí ẹ bá ń ṣòfin, ẹ jẹ́ kó dé pálọ̀ ilé yín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn pẹ̀lú. Bí mo bá sọ òtítọ́ lọ́la, mo tẹ́, ilé wa sì tẹ́. Bí mo bá kàn bẹ̀ wọ́n, wọ́n lè tìtorí ojú mi fi ọmọ náà sílẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ayé.