Ẹ̀rọ Ìgégi Tí Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Bà Jẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún màmá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé pé èmi ni mo ba ẹ̀rọ ìgégi jẹ́. Ẹ sọ ọ́. Ẹ má mi orí sí mi, ẹ sọ ọ́! Ẹnu yín náà lẹ fi sọ ọ́, níwájú olùkọ́ mẹ́ta àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ẹ ní, "Ìyàwó àbúrò mi lọ́wọ́ ẹ̀ le jù, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe odó." Odó! Èmi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ yẹn gé igi láti ọdún mẹ́sàn-án, látìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dun àbúrò yín tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, èmi lẹ wá fi wé ẹni tó ń gún nǹkan!

Ẹ jókòó, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rí bí ojú ṣe tì mí lọ́jọ́ yẹn? Igi ńlá, ó ti fẹ̀yìn ti òrùlé kíláàsì, gbogbo ènìyàn dúró, wọ́n ń wòran. Mo fa okùn, ó wúkọ́. Bí mo bá tẹ iná fún un, á kérora, á tu èéfín dúdú sí mi lójú. Bí mo bá dẹwọ́ pé kó rọra dúró ní sílò, kó máa mí jẹ́ẹ́ bí ọmọlúàbí, gbìrì-gbìrì-gbìrì, pọ́! Ó kú. Mo tún fà á. Pọ́! Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ń ka iye ìgbà tí mo fa okùn, ó sì ń kà á sókè o! Ó ka mọ́kànlélógún kó tó ní òun fẹ́ lọ mu omi.

Mo gbé e délé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, títú ni mo fi mọ̀ ọ́n, torí náà mo tú u. Mo ní bóyá epo ti pẹ́ jù, mo dà á nù, mo po tuntun mọ́ ọ́ìlì bó ṣe yẹ. Ó kú. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó tún tutù fún epo. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, mo sá a sóòrùn. Ó kú. Mo fi wáyà fa fílítà epo jáde látinú táǹkì, ó mọ́ ju àwo tí mo fi ń jẹun lọ. Ó ṣì kú! Mo wá tú káábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, mo tò ó sórí ibùsùn, lórí aṣọ funfun. Àbúrò yín fẹ́ jókòó, mo ní tó bá fi ìdí kan síkírúù kékeré yẹn, òun náà ò ní lè dúró ní sílò mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n! Ohun kan ṣoṣo ni mi ò fọwọ́ kàn. Fílítà afẹ́fẹ́. Kí ló dé? Torí pé ẹ̀yin lẹ wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, kí n tó gbé e lọ sí ilé-ìwé, tí ẹ ní, "Mo ti bá yín fọ fílítà afẹ́fẹ́, ẹ má tú u mọ́." Mo ní àgbà ló sọ̀rọ̀. Ṣé kí n máa tú iṣẹ́ àgbà wò bíi pé olè ni? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Mo dúró de alẹ́, alẹ́ mẹ́ta kọjá lórí mi!

Láàárọ̀ yìí, mo ní àbùkù àgbà kì í pààyàn, mo ṣí ìdérí rẹ̀. Yéè! Kí ni mo rí? Ọ̀rá! Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì! Ẹ fi fílítà sínú ẹ̀, ẹ ta á ní kókó méjì! Kí eruku má baà wọ ọ́, àbí? Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ló fi ń mí! Imú lẹ so pa! Àfi ibi tí ọ̀rá ti ya díẹ̀ ló fi ń rí èémí gbà. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ta ló tún ń so ọ̀rá mọ́ gbogbo nǹkan nínú ẹbí yìí? Rímóòtù yín wà nínú ọ̀rá. Àga yín pé ọdún méje, ẹ ò tíì tú ọ̀rá ẹ̀, tí àlejò bá jókòó, ìdí ẹ̀ á máa dún ṣaraṣara.

Mo já ọ̀rá sọnù kúrò lórí fílítà, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ó jẹ́ mi lóhùn, ó dúró ní sílò, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo bọ́jú, mo mu omi, kò kú.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Èmi náà rín in, mi ò ní purọ́, mo rín in títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rín ò ní dá iṣẹ́ mi padà. Màmá ọ̀gá ilé-ìwé ti pe agégi mìíràn fún ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní àwọn ò lè gba ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ á kú nígbà tó bá ti gé ẹ̀ka dé ààbọ̀ lórí àwọn ọmọ. Ṣé wọ́n jẹ̀bi? Wọn ò jẹ̀bi! Èmi gan-an ò ní gba ara mi síṣẹ́, bó bá jẹ́ ohun tí ẹ sọ nípa mi ni mo gbọ́. Gbogbo ibi tí mo bá sì ti fẹ́ gé igi lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ odó yẹn á ti ṣáájú mi débẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé wà ní ọ́fíìsì wọn títí di aago méjì. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ so ọ̀rá, àbí kí n gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀tún, kí n mú ọ̀rá lọ́wọ́ òsì, kí n wá ọ̀nà géètì lọ? Ẹ má wo bàtà yín, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni kẹ́ ẹ wò. Èwo lẹ mú nínú méjèèjì? Ẹ dá mi lóhùn!