Ọwọ́ tó ń tì í padà

Ọkọ̀ kọ̀rọ̀pé tó ń lọ Ìgbẹ̀sà ń dúró de èrò ní Ṣàngó, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ wúkọ́ níwájú mi, ó sì yára fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ikùn rẹ̀, ni ìyá àgbà tó jókòó tì í bá yíjú sí i.

"Ọmọ mi, ṣé ìpá ni?"

"Ìpá ni, Màmá. Dókítà ní ọ̀nà kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ikùn tí kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin ń gbà sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ó yẹ kó padé lẹ́yìn ìyẹn. Tèmi ò padé, ìfun ló wá ń gba ibẹ̀ yọ."

"Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí wọ́n rán an?"

"Wọ́n dá ọjọ́ fún mi, mi ò lọ. Láti ọmọ ọwọ́ ló ti máa ń yọ tí mo bá sunkún. Màámi á tẹ́ mi sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tì í padà, wọ́n á máa pe oríkì mi títí màá fi dákẹ́. Wọn ò sí mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dùbúlẹ̀, tó rọra wọlé, ó ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ wọn ló ṣì ń tì í."

"Ṣé kó lè máa yọ ni ìyá ẹ ṣe ń tì í padà?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ tó ṣì fi tẹ abẹ́ ikùn rẹ̀.

"Kí ni oríkì ẹ?"

"Àjàní."

"Àjàní, lọ jẹ́ kí wọ́n rán an."

Ọkùnrin náà gbójú sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."