Orúkọ Ìdí Ère

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa kúrò ní ìlú Enerhen ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tó jókòó níwájú mi, tó ń fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó wà nínú fóònù han obìnrin tó ń pè ní Àǹtí.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ló ní òun ń lọ ṣe lókè òkun. Aṣọ sójà ló wà lọ́rùn rẹ̀ yìí."

"Ère wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Sójà orílẹ̀-èdè méjì ni, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó ní wọ́n jọ ja ogun kan nígbà kan rí ni, wọ́n wá gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ogun sí ìdí rẹ̀. Ọ̀gá wọn níbẹ̀ ní àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ti di ọ̀rẹ́ ogun báyìí, pé àwọn á gbẹ́ orúkọ wọn síbẹ̀."

"Ṣebí iyì nìyẹn?"

"Àǹtí, ṣé wọ́n máa ń gbẹ́ orúkọ alààyè síbẹ̀ ni?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ère sójà, orúkọ ìdí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Àǹtí gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún fọ́tò náà wò. "Kí lọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ?"

"Ó ní, 'Mama, no fear. Tomorrow dem dey carry us go front.' Àtìgbà tó ti sọ̀rọ̀ ojú ogun yìí, bí mo bá pè é, ìpè mi kì í wọlé."

Ó tún pè é. Gbogbo wa nínú bọ́ọ̀sì la ń tẹ́tí bóyá yóò dún.