Iṣẹ́ tí Nọ́ọ̀sì Rán Mi sí Káfíńtà

Ẹ̀yin ọmọ mi, dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀. Ohun tó há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́ta yóò jáde lónìí, n kò ní gbé e wọ sàréè.

Gbogbo yín mọ Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀, Tíṣà, aládùúgbò mi. Wọ́n ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé. Àwọn ni wọ́n kọ́ èmi opó bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin! Ìdí mi bo ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà mọ́lẹ̀ pátá. Káfíńtà á máa pariwo lẹ́yìn mi pé, "Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, wo iwájú! Kò sẹ́ni tó ń wo ìdí ẹ!" Tíṣà á ní, "Irọ́ ni, ìwọ ló ń wò ó!" N ó rẹ́rìn-ín títí n ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, n kò rẹ́rìn-ín báyẹn rí.

Nítorí pé wọn kì í mú fóònù jáde, nọ́ńbà mi ni wọ́n fún ilé ìwòsàn nígbà tí Káfíńtà lọ ṣe àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, nọ́ọ̀sì pè mí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé èsì àyẹ̀wò ọkàn wọn ò dáa. Kí wọ́n má gun kẹ̀kẹ́ o, kí wọ́n máa bọ̀ lónìí." Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì la fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí etí odò, mo sì ti ń retí ẹ̀ bí ọmọdé. Mo ní ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò pa á? Èmi àgbàyà! Tíṣà tilẹ̀ bi mí lójú fèrèsé pé, "Ilé ìwòsàn ò tíì pè?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Wọn ò pè."

Níbi òkè tó kẹ́yìn kí a tó dé odò, Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ di àyà mú. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀." Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, kò dìde mọ́. Tíṣà ń pè é, ó ń pè é. Èmi di kẹ̀kẹ́ Káfíńtà àti tèmi mú bí ọ̀dẹ̀, n kò mọ èwo ni kí n jù sílẹ̀.

Títí dòní, Tíṣà ń wá jókòó tì mí lórí ibùsùn yìí, á máa sọ pé, "Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo ń sùn. Báwo ni mi ò ṣe mọ̀?" Èmi á máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Lánàá, ó tún sọ ọ́.

Ẹ lọ pè é wá. Bí ahọ́n mi bá kọ̀, kí ọ̀kan nínú yín ka ìwé yìí sí i létí. Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, ṣáà má dá ara ẹ lẹ́bi mọ́. Nọ́ọ̀sì pè. Èmi ni mo gbé fóònù.